Ohùn Tó Ní Ká Yàgò

Ọjọ́ kejìlá, oṣù kìíní

Aláriwo ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ yẹn ò tíì sọ ọ́ di yìnyín? Ara tèmi le, àfi orúnkún ọ̀tún tó ń dún bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí. Mo kọ lẹ́tà sí ọ nígbà òjò, o ò fèsì. Nígbà tí o wà ní kékeré, tí wọ́n bá ní kí o dákẹ́, abọ́ lo máa ń gbé tí wàá máa lù. Ta ló wá kọ́ ọ ní dídákẹ́ báyìí? Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ni, sọ pé iṣẹ́ ni. Tó bá jẹ́ pé inú ló ń bí ọ torí mo dá fóònù tí o fi ránṣẹ́ padà, inú yẹn á pẹ́ kó tó rọ̀, torí mi ò ní gbà á. Láti ọjọ́ tí a ti sin ìyá rẹ ni mo ti ní kí wọ́n kó gbogbo fóònù kúrò nílé yìí. Ohùn rẹ̀ ló kún inú wọn. Mi ò fẹ́ ohun tó máa gbé ohùn èèyàn jáde nígbà tí ẹni náà ò sí níbẹ̀. Lẹ́tà ni kí o máa kọ, kí n máa rí ọwọ́ rẹ.

Ìròyìn wà. Wọ́n ti gba ọgbà mẹkáníìkì tó wà lẹ́yìn ilé wa. O mọ̀ pé kò fi bẹ́ẹ̀ sẹ́ni tó ń gbé mọ́tò wá mọ́. Epo wọ́n, ẹ̀yà ara mọ́tò ò sí, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe wọ́n ti kógbá wọlé, àwọn ọ̀rẹ́ mi sì ti ká irinṣẹ́ wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìjọba wá da ọ̀dà sórí ilẹ̀ ibẹ̀, wọ́n fi páànù dúdú tó ń mu oòrùn bo gbogbo òkè rẹ̀. Bọ́ọ̀sì tí kò ní ẹ́ńjìnì ni wọ́n ní yóò máa sùn síbẹ̀, tí yóò máa gba iná. Èmi tí mo ti tú ẹ́ńjìnì tó pọ̀ ju irun orí mi lọ, wọ́n fi mí ṣe ẹni tó ń ṣí géètì, tó sì ń dúró lẹ́yìn bọ́ọ̀sì tó bá ń wọlé sẹ́yìn pé “Máa bọ̀, máa bọ̀, ó tó.” Mo gbà á. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Ṣùgbọ́n mọ̀ pé irú iṣẹ́ tí ò ń ṣe lọ́hùn-ún ló pa tèmi níbí.

Ohun kan ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí mi ò gbádùn. Epo dúdú ń yọ jáde láti abẹ́ ọ̀dà tuntun yẹn. Kì í yọ káàkiri o. Ibi tí mọ́tò kọ̀ọ̀kan máa ń dúró sí tẹ́lẹ̀ ló ti ń yọ, gẹ́gẹ́ bí mọ́tò náà ṣe gùn tó, bó ṣe fẹ̀ tó. Wọ́n nù ún, ó tún yọ. Mo ti mọ èyí tó jẹ́ ti pijó àtijọ́ tó lo ọdún mẹ́ta lọ́wọ́ mi.

Ilé wà bó ṣe wà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣì ṣókùnkùn. O rántí bí ìyá rẹ ṣe máa ń gbé ìkòkò omi gbígbóná bọ̀ láti ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé, tí èéfín omi á bo ojú rẹ̀, tí kò ní rí nǹkan kan níwájú. Á máa fi imú kọrin, orin tí kò ní ọ̀rọ̀ yẹn, kí a lè mọ̀ pé iná ń bọ̀. Gbogbo ẹ̀yin ọmọ á sáré lẹ̀ mọ́ ògiri. Èmi nìkan ni kì í yàgò. Mo máa ń lọ pàdé rẹ̀, màá na ọwọ́, orin á dúró, á ní “Gbà,” màá sì gbà á. Títí tó fi lọ, omi yẹn ò dà sí ẹnikẹ́ni lára. Báyìí, tí mo bá ń kọjá nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, àárín gbùngbùn ni mo ṣì ń rìn.

Fi ìbọ̀wọ́ tó nípọn ránṣẹ́ sí mi. Irin géètì yẹn máa ń gbóná bí oòrùn bá ti là, ó sì ń jó mi lọ́wọ́.

Èmi ni, bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà. Ẹ kú ìdúró dè mí, ẹ kú ìfaradà. Iṣẹ́ ni o, kì í ṣe inú bíbí. Orúnkún yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ra á, kí ẹ má sì fi ọ̀rá mọ́tò pa á, mo mọ̀ yín.

Ó dùn mí nípa ọgbà. Ṣùgbọ́n Bàbá, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí wa níbí. Mọ́tò elépo ni ilé-iṣẹ́ wa ń ṣe nígbà tí mo dé. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó ń rà á mọ́. Wọ́n ti ní ká máa lọ sílé, a ti ń dágbére fún ara wa, kí wọ́n tó pè wá padà pé a máa sọ ibẹ̀ di ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì oníná. Ní ìdajì gbọ̀ngàn, à ń ṣe bọ́ọ̀sì. Ní ìdajì kejì, a to àwọn bátìrì tó ti rẹ̀ jọ bíi bíríkì títí dé òkè àjà, iná oòrùn ló ń sùn sínú wọn ká tó máa pín in fún àwọn ilé tó yí wa ká. Tí ẹ bá fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri bátìrì yẹn, ó lọ́wọ́ọ́wọ́ bí ara èèyàn.

Ohun tí ara mi ò gbà ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ibẹ̀. Tẹ́lẹ̀, a kì í gbọ́ ara wa. Báyìí, abẹ́rẹ́ bọ́ sílẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn á yíjú. Àwọn àgbà òṣìṣẹ́ ṣì ń fi òwú dí etí wọ́n sì ń pariwo mọ́ ara wọn lórí asán. Àwọn ìkọ́ irin tó máa ń gbé ara mọ́tò kọjá lókè orí wa ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ti pa iná wọn láti ọdún tó kọjá, síbẹ̀ wọ́n máa ń mì jẹ́jẹ́. Atẹ́gùn ni, mo mọ̀. Ọkùnrin tó máa ń dán fèrè mọ́tò wò kò níṣẹ́ kankan mọ́, àmọ́ ojoojúmọ́ ló ń wá jókòó sí àyè rẹ̀, tí á máa tẹ àtàǹpàkò mọ́ orúnkún.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn náà ló gbá fóòmàn wa. Bọ́ọ̀sì kan ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, kò gbọ́. Ìbàdí rẹ̀ kán. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ní a gbọ́dọ̀ fi ìró kan sínú bọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, èyí tí yóò máa dún tó bá ń rìn díẹ̀díẹ̀. Wọ́n mú agogo wá, àwọn èèyàn dúró wò ó. Wọ́n mú fèrè wá, àwọn èèyàn fò sókè. Ọ̀gá wá béèrè lọ́wọ́ gbogbo wa pé, “Ohùn wo lẹ mọ̀ tó máa ń mú èèyàn yàgò láì já a láyà?” Mo ti nawọ́ sókè kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe.

Mo fún wọn ní ohùn kan. Nígbà tí wọ́n gbé e sáfẹ́fẹ́ nínú gbọ̀ngàn, gbogbo àwọn òyìnbó yẹn rọra sún mọ́ ògiri, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n sún. Ara mi bù máṣọ. Ẹ má bi mí ohùn wo ni. Bọ́ọ̀sì ìlú wa wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jáde, ẹ̀yin fúnra yín á gbọ́ ọ, màá sì fẹ́ mọ ohun tí ẹ máa sọ.

Màá ra ìbọ̀wọ́ lóṣù yìí.

Ọmọ yín, Aláriwo.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹrin

Aláriwo,

Jókòó kí o tó ka èyí. Ṣé o ti jókòó? Ó dáa.

Ìyá rẹ ti dé.

Má pariwo. Orí mi pé. Mo mọ ọjọ́ òní, mo sì mọ ibi tí mo fi gíláàsì ojú mi sí. Ọjọ́ Ajé tó kọjá ni àwọn bọ́ọ̀sì yẹn wọ ìlú. Wọ́n funfun, wọ́n ga, wọn kì í mí. Mọ́tò tó dára máa ń mí, kódà tó bá dúró, wàá gbọ́ bí irin rẹ̀ ṣe ń tutù. Àwọn wọ̀nyí kò mí rárá. Mo ṣí géètì, mo lọ dúró lẹ́yìn èkíní, mo gbọ́wọ́ sókè, mo ní “Máa bọ̀.” Ó sì ń bọ̀.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ. Orin ìyá rẹ ni, orin tí kò ní ọ̀rọ̀ yẹn. Kì í ṣe ohun tó jọ ọ́. Ó gòkè ní ibi tó máa ń gòkè, ó sì já èémí ní ibi tí ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti ga, níbi tó ti máa ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́. Mo wo gbogbo inú ọgbà. Kò sí obìnrin kankan níbẹ̀. Àwọn yòókù ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mi ò mọ ìgbà tí mo na ọwọ́ méjèèjì síwájú tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì náà, ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Pẹ̀lẹ́ torí pé kì í sáré, ló tẹ bíréèkì. Ó bẹ́ sílẹ̀. “Bàbá, ṣé ikú lẹ̀ ń wá ni? Gbogbo ayé ń yàgò, ẹ̀yin ń bọ̀!” Ọwọ́ mi ṣì wà níwájú. Mò ń retí kí ìyá rẹ ní kí n gbà.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọjọ́ ni. Nígbà míì, mo máa ń gbọ́ ọ láti ẹnu géètì, màá sì tún máa gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ilé, lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé ó ń bọ̀ láti ọ̀nà méjì. Ṣé ẹ rí nǹkan kan níbi tí ẹ ti ṣe wọ́n? Ṣé ẹnikẹ́ni kú sínú ilé-iṣẹ́ yẹn? Sọ òótọ́ fún mi. Mi ò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́.

Kí n má parọ́ fún ọ, inú mi dùn. Mo ti ń fá irùngbọ̀n mi kí n tó lọ sẹ́nu iṣẹ́. Ìbọ̀wọ́ ò tíì dé, ṣùgbọ́n fi í sílẹ̀ ná. Èèyàn ò lè wọ ìbọ̀wọ́ kó máa gba nǹkan lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹrin, oṣù karùn-ún

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo fi gbogbo ara bẹ̀ yín. Ẹ má na ọwọ́ sí bọ́ọ̀sì kankan mọ́. Màámi kọ́ ni. Èmi ni.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibí, Màámi fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Wọ́n sọ̀rọ̀ tán, wọn ò mọ̀ pé ó ṣì ń gbà á sílẹ̀. Wọ́n fi fóònù sápò, wọ́n lọ gbé omi. Gbogbo ìrìn wọn láti ilé ìdáná wá ló wà nínú rẹ̀, títí tó fi já. Òun ni mo máa ń gbọ́ tí oorun bá kọ̀. Òun náà ni mo fún ilé-iṣẹ́. Wọ́n gé ìró bàtà kúrò nínú rẹ̀, wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n fi í sínú bọ́ọ̀sì. Ìdí tí ẹ fi ń gbọ́ ọ láti ọ̀nà méjì ni pé bọ́ọ̀sì méjì ló ń rìn lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sẹ́ni tó kú síbí.

Mo rò pé tí ẹ bá gbọ́ ọ lójijì, ẹ máa rẹ́rìn-ín. Mo ní Màámi tó máa ń tún ọ̀nà ṣe fún gbogbo wa, kí wọ́n máa tún un ṣe fún gbogbo ìlú. Mi ò rántí pé ẹ̀yin kì í yàgò. Gbogbo ayé ni mo rò pé ó máa yàgò, mi ò ro tiyín.

Bàbá, bọ́ọ̀sì ni. Irin ni, ó wúwo, kò ní ojú. Tí dẹ́rẹ́bà míì bá wà lórí rẹ̀ tí kì í ṣe Pẹ̀lẹ́ ńkọ́? Ẹ fi iṣẹ́ géètì sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n wá yàrá fún yín lọ́dọ̀ mi. Tí mo bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, èmi náà ti ń kùn ún láìmọ̀, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sì ti ń yà fún mi. Ẹ wá máa gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ yín tó wà láàyè.

Ẹ tètè fèsì.

Aláriwo.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹfà

Aláriwo,

Mo pẹ́ kí n tó dáhùn torí ohun tí mo kọ́kọ́ kọ, mo ya á. Bàbá kì í sọ irú rẹ̀ sí ọmọ.

O gbé ohùn ìyá rẹ sínú mọ́tò, o ò béèrè lọ́wọ́ mi. Èmi tí mo kó fóònù dànù kí ohùn yẹn lè sinmi, ìwọ lo fi ẹsẹ̀ mẹ́rin sí i tí o ní kó máa rìn kiri ìlú. Inú bí mi débi pé mo ti ilẹ̀kùn mọ́rí, mi ò jáde. Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ ọ tó ń kọjá lójú títì, inú mi sì rọ̀. Èmi àti ìyá rẹ ò kúkú lè bínú síra wa ju ìgbà tí omi bá fi hó lọ.

Má mú un kúrò. Mo ti ronú sí i. Gbogbo ìlú ló ń yà fún un báyìí. Ìyá tó ń ta aṣọ níkọ̀rọ̀ títì, tí òun àti ìyá rẹ ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún gbọọrọ, òun náà ń gbé àpótí rẹ̀ sẹ́yìn fún un. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àwọn ọmọ tó ń lọ síléèwé ti mọ orin náà, wọ́n ń kùn ún dà á padà. Nígbà ayé rẹ̀, ta ló yà fún ìyá rẹ tó bẹ́ẹ̀?

Àmọ́ ohun kan wà tí o ò sọ fún mi. O ní ohùn yẹn já. Kò já o. Bọ́ọ̀sì tó ń gbẹ̀yìn wọlé ní ìrọ̀lẹ́, mo ti rọra sún mọ́ ọn, mo sì gbọ́ ọ parí. Orin dúró, ó wá sọ pé “Gbà.” Kedere báyìí, pẹ̀lú bó ṣe máa ń fa á díẹ̀ nígbà tí ìkòkò bá wúwo. Ó ti ṣe é nígbà mélòó kan. Èèyàn gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn dáadáa kó tó gbọ́. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì náà fara kàn mí láyà, kò sì tutù bí irin ṣe máa ń tutù. Pẹ̀lẹ́ sunkún lọ́jọ́ náà, ọmọ dáadáa ni.

Kí ló dé tí o fi “Gbà” sínú rẹ̀ láì sọ fún mi? Ọ̀rọ̀ tèmi nìkan nìyẹn.

Mi ò ní í wá sọ́dọ̀ rẹ. Ta ni yóò máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ keje, oṣù keje

Bàbá mi,

Kò sí “Gbà” nínú rẹ̀.

Mo gbọ́ ọ tán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí n tó kọ èyí, mo tún gbọ́ èyí tó wà nínú bọ́ọ̀sì. Ìgbà tí wọ́n dé ibi tí ilẹ̀ ga, tí wọ́n já èémí, ibẹ̀ ni fóònù ti kú. Orin náà kàn ń bẹ̀rẹ̀ padà ni. Mi ò ní “Gbà” lọ́wọ́ rí. Tí mo bá ní in, mi ò ní fún ẹnikẹ́ni.

Mo ti lọ bá ọ̀gá. Ó ní ohùn yẹn ni àwọn ìlú fi ń ra bọ́ọ̀sì wa, pé tí a bá yọ ọ́, ilé-iṣẹ́ lè padà sí bó ṣe wà nígbà tí a ń dágbére fún ara wa. Mo ní bàbá mi ń dúró síwájú rẹ̀. Ó pa ìwé iye owó iwájú rẹ̀ dé. Ó ní ká yọ ọ́. Bí àwọn bọ́ọ̀sì bá ti ń gba iná ni ohùn tuntun á máa wọ inú wọn láti ibí, títí ìparí oṣù yìí, kò ní ku ẹyọ kan. Ohùn bí oyin ṣe ń kùn ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Ẹ dárí jì mí. Mo mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kejì nìyí tí a máa gbà á kúrò lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mo fẹ́ ní láàyè. Títí oṣù yìí fi máa parí, ẹ má dé géètì. Ẹ fèsì kíá, ẹ kàn kọ “mo gbọ́,” ó tó mi.

Ìbọ̀wọ́ wà lọ́nà. Mo fi ránṣẹ́ lánàá.

Aláriwo.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹjọ

Bàbá mi,

Ẹ ò fèsì. Mò ń lọ wo àpótí lẹ́tà ní gbogbo ìgbà tí mo bá kọjá, àwọn ará ilé ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Wọ́n ti yọ ọ́ tán. Kò sí bọ́ọ̀sì kankan láyé yìí tó ní ohùn Màámi nínú mọ́. Èmi fúnra mi ni mo tẹ bọ́tìnnì ti ìlú wa.

Ní ọjọ́ Àìkú, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́, mo pe fóònù ọ́fíìsì tó wà nínú ọgbà yín. Ẹnì kan gbé e. Mo ní “Ẹ káàsán, ẹ jọ̀ọ́, mò ń béèrè bàbá tó ń ṣí géètì.” Mo wá gbọ́ kíkùn náà, ó jìnnà, ó ń sún mọ́ tòsí. Ó dé ibi tó ti máa ń já èémí. Ó já èémí. Ó wá ń bá a lọ, kò bẹ̀rẹ̀ padà. Mo gbé fóònù sílẹ̀ kí n tó gbọ́ ohun tó tẹ̀lé e. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bá ara mi jà pé kí ló dé tí mo fi gbé e sílẹ̀.

Ẹ̀yin lẹ gbé e, àbí? Ẹ̀yin lẹ̀ ń kùn. Ẹ sọ pé ẹ̀yin ni. Mo ti gba ìyọ̀ǹda níbi iṣẹ́, ìwé ìrìnnà mi nìkan ló kù tí wọn ò tíì fún mi. Bí mo bá ti gbà á, mò ń bọ̀ wálé.

Aláriwo.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹsàn-án

Aláriwo ọmọ mi,

Má jẹ́ kí àyà rẹ já torí pé ọwọ́ mi kọ́ lo rí níbí. Pẹ̀lẹ́ dẹ́rẹ́bà ló ń bá mi kọ ọ́. Èmi ń sọ, òun ń kọ. Mo ní kó má fi tiẹ̀ kún un, ó ní òun gbọ́.

Lẹ́tà rẹ méjèèjì tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ìdí tí mi ò fi fèsì nìyí. Mo lọ dúró lẹ́yìn bọ́ọ̀sì, mo ní “Máa bọ̀,” oyin ló dá mi lóhùn. Mo padà wálé. Mo fi iṣẹ́ géètì sílẹ̀ bí o ṣe fẹ́. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí láti àárọ̀, mi ò tan iná, mi ò dá iná. Mo rò ó pé bó ṣe máa ń rí nìyí, èèyàn á lọ, ohùn rẹ̀ náà á wá tẹ̀lé e. Mo ti ń gbìyànjú láti gbà bẹ́ẹ̀.

Nípa fóònù tí o pè, èmi kọ́. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń ti ọ́fíìsì pa. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi nígbà náà, mi ò sì jáde nílé. Mi ò mọ ẹni tó gbé e. Má bá ara rẹ jà mọ́. Ó lè jẹ́ pé ìwọ ló fẹ́ kó gbà á lọ́jọ́ yẹn, o kàn ṣe bí o ṣe máa ń ṣe ní kékeré ni, o yàgò.

Lọ́jọ́bọ̀, òjò ń rọ̀ láàárọ̀. Gbogbo bọ́ọ̀sì ti jáde lọ, ọgbà ṣófo. Mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀rù bà mí, kí n sọ òótọ́. Nígbà tó wà nínú bọ́ọ̀sì, ẹ̀rù ò bà mí, torí mo máa ń rí ohun tó ń bọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò rí nǹkan kan. Ó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó dé ibi tí ilẹ̀ ga, ó já èémí, mo sì gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń wá ilẹ̀. Ẹsẹ̀ tí ẹ gé kúrò nínú rẹ̀ níbi iṣẹ́ yín, mo gbọ́ ọ. Ara mi ní kí n lẹ̀ mọ́ ògiri. Mo ní rárá. Mo dìde, mo dúró sí àárín, mo na ọwọ́ mi.

Orin dúró. Ó ní “Gbà.”

Mo gbà á.

Ìdí nìyẹn tí Pẹ̀lẹ́ fi ń bá mi kọ̀wé. Àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì ti bó, wọ́n ti fi báńdéèjì dì wọ́n. Pẹ̀lẹ́ ní ó ní láti jẹ́ pé mo fọwọ́ gbé ìkòkò lórí iná láìmọ̀. Mo jẹ́ kó máa sọ ọ́. Kò dùn mí tó bí o ṣe máa rò. Ìbọ̀wọ́ rẹ dé lọ́jọ́ kejì, ó dára, ó nípọn, o ṣeun.

Ọmọ mi, máa bọ̀ wálé. Ṣùgbọ́n tí o bá dé, tí o bá ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọlé, jọ̀ọ́, má kùn. Pariwo bí o ṣe máa ń ṣe, lu abọ́, pè mí ní Bàbá. Kí n lè mọ èwo nínú yín ló ń bọ̀.

Bàbá rẹ.


Àǹtí wa, èmi Pẹ̀lẹ́ ni mò ń kọ èyí. Bàbá ti sùn. Wọ́n ní kí n má fi tèmi kún un, ẹ má bínú, mi ò lè ṣàì fi í kún un. Mo lọ wo ìkòkò yẹn nílé ìdáná. Ó dorí kodò lórí pẹpẹ, eruku ti bò ó, aláǹtakùn ti so òwú mọ́ etí rẹ̀. Kò sí eérú tuntun nínú ààrò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè máa bọ̀. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo jókòó sí láti kọ lẹ́tà yìí, mo sì ti dìde yàgò lẹ́ẹ̀mejì.